Ẹ fi pásẹ́ǹtì WAEC abúlé yẹn sílẹ̀ ná

Èsì WAEC ò tíì jáde tán tí ẹnìkan á ti máa wí lábẹ́ igi pé àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba abúlé wa ò mọ nǹkankan, olódo ni wọ́n, ẹ kó ọmọ yín lọ sí Adó-Èkìtì. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, kí n tó lọ ṣe tíṣà nírú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ lápá Ìkọ̀lé.

Ká ní ọmọ mẹ́wàá péré ló ṣèdánwò, méje ló sì yẹ kó yege, ìyẹn ni pé kí wọ́n ní kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Máàsì (ìṣirò) wà nínú ẹ̀. Ibà wá dá ọ̀kan dùbúlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò Máàsì, òmíràn gba kírẹ́díìtì mẹ́fà àmọ́ D7, tí ò tó kírẹ́díìtì, ló gbà ní Gẹ̀ẹ́sì. Pásẹ́ǹtì 70 ti di 50 nìyẹn! Wọ́n á ní ilé-ìwé ti bàjẹ́, tíṣà ò ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ l'Adó, níbi tí 200 ọmọ ti ṣe é, ọmọ méjì ò ju pásẹ́ǹtì kan lọ, ta ló máa rí i?

Ta ló tiẹ̀ kù ní kíláàsì? Ọmọ tó bá ti ń ṣe dáadáa ní JSS3, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà l'Ékòó á wá mú un lọ. Àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ló kù, àtàwọn ọmọ Ebira tí òbí wọn wá dáko, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè kẹta wọn. Tí kòkó bá ti pọ́n, ẹ wo rẹ́jísítà, òfìfo ló pọ̀ nínú ẹ̀. Mo ní ọmọkùnrin kan tó máa ń wọlé lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú èékánná tí omi kòkó ti sọ di dúdú, kí n tó kọ ìṣirò tán sójú bọ́ọ̀dù ó ti rí ìdáhùn ẹ̀. B3 ló gbà ní Máàsì, E8 ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ àwọn tó fìdí rẹmi ni wọ́n kà á sí.

Àwọn pùráífẹ́ẹ̀tì tó ń pariwo ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ńkọ́? Àwọn kan á ní kí ọmọ tí orí ẹ̀ ò gbà á lọ forúkọ sílẹ̀ níbòmíì, àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni ẹ máa tó rí àwọn ọmọ Èkó tó ń gbé báàgì sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tí ẹ ò rí wọn rí. Ilé-ìwé ìjọba ò lè lé ọmọ kankan torí pé orí ẹ̀ ò gbà á.

Mi ò ní kò sí wàhálà o. Kọ́pà kan ṣoṣo, ìyẹn agùnbánirọ̀, ló ń kọ́ wọn ní Físíìsì, ó parí ọdún ẹ̀, ó lọ, àwọn ọmọ sì jókòó láìní tíṣà títí òmíràn fi dé. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ olódo.

Ọmọ oníkòkó yẹn tún Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣe nínú GCE, ìyẹn WAEC tí èèyàn ń forúkọ sílẹ̀ fún fúnra ẹ̀, ó gba C5, kírẹ́díìtì nìyẹn. Àmọ́ wọn kì í ka èsì GCE pọ̀ mọ́ ti ilé-ìwé, nítorí náà pásẹ́ǹtì ilé-ìwé wa ò yí padà.