Jíìpù mánúà òde òní: ṣé ẹsẹ̀ yín nìkan ló ń darí rẹ̀ lóòótọ́?

Àwa tí a fẹ́ràn jíìpù mánúà, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń fi yangàn: "Ọtomátíìkì ni kọ̀ǹpútà ń bá èèyàn wà. Tèmi, ọwọ́ mi àti ẹsẹ̀ mi nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu." Bó bá jẹ́ ti jíìpù àtijọ́ tó ń lo kabúrétọ̀ ni, òótọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ti àwọn tó ń jáde lóde òní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́ á máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo tọ́tù. Láyé àtijọ́, wáyà onírin ló so ó mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹnu náà ṣí. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, sípíríǹgì pa á dé. Wáyà yẹn kò sí mọ́. Sẹ́ńsọ̀ ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín báyìí, òun ló ń sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ló sì ń pinnu bí ẹnu ẹ́ńjìnnì yóò ṣe ṣí tó. Ẹ̀bẹ̀ lẹ̀ ń bẹ̀, kì í ṣe àṣẹ lẹ̀ ń pa.

Ìgbà tí èèyàn bá ń yí jíà ló máa ń hàn jù. Ẹ wà ní jíà kejì, ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ń retí kí abẹ́rẹ́ inú dáṣíbọ́ọ̀dù já wálẹ̀. Kò já. Ó dúró lókè bí ẹni tó ń ronú, ìgbà mìíràn á tilẹ̀ gòkè díẹ̀ sí i, kó tó wá máa rọra sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá kánjú tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ sínú jíà kẹta, jíìpù á ta síwájú, orí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á mì. Kíá, ẹnìkan á ti ní kílọ́ọ̀ṣì ti jó. Ẹlòmíràn á ní tọ́tù ló ń há. Wọ́n á tú ọkọ̀ palẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, nǹkan kan náà ni yóò tún máa ṣe.

Kọ̀ǹpútà ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí ẹnu ẹ́ńjìnnì bá pa dé lójijì, epo tó ti lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé á ṣì máa wọlé, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí yóò fi jó kò ní tó mọ́. Epo tí kò jó tán á wá bá èéfín jáde, òfin tó de èéfín ọkọ̀ kò sì gba ìyẹn. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń pa ẹnu náà dé. Fúláíwíìlì, irin rìbìtì tó wúwo tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, tún ń dá kún un. Kò sí súpánà tó lè tún èyí ṣe. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù díẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ má sì kánjú, ó tán.

Kọ̀ǹpútà yìí kì í kúkú ṣe ọ̀tá. Nínú Tacoma mánúà ti 2024, Toyota fi iMT sí i: bí ẹ bá ń já jíà wálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á fún ẹ́ńjìnnì níná kí eré rẹ̀ lè bá ti jíà tó ń bọ̀ mu.

"Ṣebí mánúà ni, ẹ sáà tì í!" Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìyẹn rí. Bí bátìrì bá kàn rẹ̀, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ṣì ń tàn, títì lè gbà á. Bó bá kú fin-ínfin-ín, òógùn lásán ni. Iná ni pọ́ǹpù epo ń lò, iná ni púlọ́ọ̀gì ń lò, kọ̀ǹpútà tó sì ń yẹ kọ́kọ́rọ́ wò kó tó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, iná lòun náà ń lò.

Wọ́n tún máa ń sọ pé mánúà kò gbọdọ̀ sítáàtì láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì, pé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, súwíìṣì ti bàjẹ́. Jeep Wrangler tó wà ní 4L (ìgbà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tí eré lọ sílẹ̀ tí agbára sì pọ̀) á sítáàtì láìtẹ̀ ẹ́, ìwé tó bá ọkọ̀ wá ló sọ bẹ́ẹ̀. Toyota fi bọ́tìnnì fún iṣẹ́ kan náà sí Tacoma àti FJ Cruiser. Ká ní ẹ́ńjìnnì kú mọ́ yín lọ́wọ́ níbi tí ẹ ti ń gun àpáta: pẹ́dà mẹ́ta, ẹsẹ̀ méjì. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ láti orí bíréèkì lọ sórí tọ́tù, ọkọ̀ ti ń yí padà sẹ́yìn. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú jíà kìíní, ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Sítátà á máa fa ọkọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbà.

Orí àpáta yìí náà ni ìgbéraga ti ń jó kílọ́ọ̀ṣì jù. Ní jíà C ti Ford Bronco mánúà (jíà tó lọ́ra jù lọ, tí wọ́n ṣe fún gígun àpáta), pẹ̀lú 4L, ẹ́ńjìnnì lè yí tó nǹkan bí ìgbà 95 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ti Wrangler Rubicon mánúà kan tó 84, òmíràn lè tó nǹkan bí 100. Ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pátápátá, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, jíìpù á máa rá gun òkúta fúnra rẹ̀. Bí òkúta bá fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà á ti rí i pé eré rẹ̀ ń rẹlẹ̀, á fún un níná sí i. Ẹni tó bá ní òun nìkan lòun ń darí á di kílọ́ọ̀ṣì mú ní ààbọ̀, kò sì ní pẹ́ tí òórùn jíjó á fi gba ọkọ̀.

Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ńkọ́? Ẹ má fi sí fúrí (nútírà) nítorí kí ẹ lè dá epo sí. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́tù, kọ̀ǹpútà á dá epo dúró pátápátá, torí táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Nínú fúrí, ó gbọ́dọ̀ máa bu epo fún un kó má baà kú, bíréèkì nìkan ló sì kù láti dá ọkọ̀ dúró.

Bí ẹ bá sì ń fura sí kílọ́ọ̀ṣì lóòótọ́, ẹ wá ojú ọ̀nà tó tẹ́jú tí kò léwu. Ẹ fi sí jíà tó ga ní eré tó lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ tẹ tọ́tù kanlẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ẹ́ńjìnnì bá ń sáré gòkè tí eré ọkọ̀ kò bá a lọ, kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Bí méjèèjì bá jọ ń gòkè, kò sóhun tó ṣe é.