“Fast” Wo Lẹ Ń Béèrè?

Ìbéèrè kan nínú ìwé àtúnyẹ̀wò tí wọ́n fún ọmọ mi fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì nìyí: irú ọ̀rọ̀ wo ni “fast”? Kò sí gbólóhùn níwájú rẹ̀, kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá dúró gedegbe lórí ìlà, wọ́n wá to A, B, C, D sísàlẹ̀ rẹ̀: ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-àpèjúwe, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. Wọ́n ní kí ọmọ mú ọ̀kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bá wa mú un. Ààwẹ̀ fúnra rẹ̀, “a fast”, ọ̀rọ̀-orúkọ nìyẹn. Àwọn tó ń gba ààwẹ̀ ọ̀hún, “they fast”, ó ti di ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọkọ̀ tó yára, “a fast car”, ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Ẹni tó sáré kíákíá, “she ran fast”, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tọ̀nà! Ẹni tó kọ ìdáhùn sẹ́yìn ìwé mú C, kò sì sọ ìdí. Ọmọ mi mú D, wọ́n fi bírò pupa fà á. Mo bi í pé kí ló rí tó fi mú D, ó ní ẹni tó ń sáré lòún ń rò lọ́kàn. Ó ronú, àbí ẹ ò rí i? Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ wọ́n nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra gírámà. Gírámà dára. Ọmọ tó mọ ibi tí gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, tó mọ ẹni tó ṣe nǹkan yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ṣe é sí, á kọ lẹ́tà, á kọ àròkọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní lè fi ọ̀rọ̀ yí i lórí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àtúnyẹ̀wò yìí látòkè délẹ̀, ìsọlórúkọ ni. Dárúkọ èyí, dárúkọ tọ̀hún. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí ọmọ fi ọ̀kankan nínú wọn ṣe nǹkan. Àfi bí ẹni tó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, tí ọ̀gá rẹ̀ ń bi í lórúkọ òòlù, ayùn àti ìṣó lójoojúmọ́, tí kò jẹ́ kó fọwọ́ kan pákó rí.

Ẹ wo ìtumọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n há sórí. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni orúkọ ènìyàn, ẹranko, ibìkan tàbí nǹkan. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe. Èmi náà fi kọrin nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dán an wò. “Explosion” ńkọ́? Ilé ń wó, iná ń sọ, etí ń di, iṣẹ́ wo ló tún kù? Síbẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ ni. “Belong” ńkọ́? “Seem”? “Know”? Ẹni tó mọ nǹkan lè dùbúlẹ̀ gbalaja kó máa wo àjà, kò ṣiṣẹ́ kankan, ọ̀rọ̀-ìṣe náà sì ni. Ọmọ tó bá fi tọkàntọkàn tẹ̀lé ìtumọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ, òdo ló máa gbà. Èyí tí kò tẹ̀lé e, tó kàn ń méfò, lè gba gbogbo ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ ò le. Ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí nínú gbólóhùn ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Ṣé “the” lè ṣáájú rẹ̀? Ṣé ó lè gba “-ed” tàbí “-ing” sẹ́yìn? Ṣé “very” lè dúró níwájú rẹ̀? Ìbéèrè bí irú èyí á gba ọmọ là ju odindi ìwé ìtumọ̀ lọ. “Round” nìkan lè jẹ́ irú ọ̀rọ̀ márùn-ún, títí kan ọ̀rọ̀-atọ́kùn (“preposition”), bó bá jẹ́ “round the corner”. Ta ló fẹ́ há ìyẹn sórí?

Ti àsìkò, ìyẹn “tense”, tún burú ju ìyẹn lọ. Ìwé kan tó wà lọ́wọ́ ọmọ mi ní àsìkò inú èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 3. Ìwé àtúnyẹ̀wò ní 12 ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní 2 péré ni ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ń yí ara padà fún, ti ìsinsìnyí àti ti àtẹ̀yìnwá, torí “will” ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ ọjọ́ iwájú. Kálukú ló ní bó ṣe kà á, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún méjìlá ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá bi í pé mélòó ni, tẹ́ ẹ sì fún un láyè ìdáhùn ẹyọ kan? Ìwé wo ni kó gbà gbọ́?

Bí wọ́n ṣe ń ka iye yìí, ohun tó ń já ọmọ kulẹ̀ gan-an wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò yà síbẹ̀. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́wàá tí wọ́n ń lò jù nínú Gẹ̀ẹ́sì: “be”, “have”, “do”, “say”, “get”, “make”, “go”, “know”, “take”, “see”. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó tẹ̀lé òfin “-ed” nínú wọn. Àwọn wọ̀nyí sì ni ọmọ máa fi kọ gbogbo ìlà àròkọ rẹ̀. Èdè tiwa kì í pa ọ̀rọ̀-ìṣe lára dà. Mo lọ lánàá, mo ti lọ, mò ń lọ, màá lọ: “lọ” kan náà ni, àwọn wúńrẹ̀n iwájú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó dàgbà sínú irú èdè bẹ́ẹ̀, ṣe ló yẹ kí wọ́n jókòó tì í lórí “go, went, gone”, kó máa sọ ọ́, kó máa kọ ọ́, títí tí “he has went” á fi máa ha á létí. Rárá o. Wọ́n ní kó lọ kọ ìtumọ̀ “past perfect continuous” wá.

Òfin tí kì í ṣe òfin tún wà níbẹ̀. “Má fi ọ̀rọ̀-atọ́kùn parí gbólóhùn.” Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ ọ́. Robert Lowth, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù London, ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi òfin yìí rù, nítorí ìwé gírámà tó gbé jáde ní 1762. Àbá ni ọkùnrin náà dá. Ó ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn, pé kéèyàn kọ ọ́ lọ́nà kejì ló kàn bá ìwé tó wúwo mu. Ó tiẹ̀ fi “to” parí apá kan nínú gbólóhùn tó fi sọ ọ́! Ó ti lé ní 260 ọdún, àbá yẹn ló wá ń jẹ máàkì ọmọ mi. Ti kọ́mà tó ń ṣáájú “and” nínú àtòpọ̀ ọ̀rọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kan ní kí wọ́n fi sí i, àwọn kan ní kí wọ́n yọ ọ́, méjèèjì ń tẹ ìwé wọn lọ láìsí ìjà. Ìwé àtúnyẹ̀wò nìkan ló ń jà.

Ó ku lítíréṣọ̀. Ibí ni ara mi ti ń gbóná.

Àfiwé tààrà, wọ́n ní, ni gbólóhùn tó bá ti ní “like” tàbí “as” nínú. Ó parí. Ni ọmọ mi bá mú bírò, ó ń yí “like” àti “as” ká kiri inú àyọkà. Ó yí “I like my sister” ká. Ó yí “she sings as she works” ká. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ohun tí wọ́n kọ́ ọ kọ́ ló ṣe? Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nǹkan méjì tí kì í ṣe irú kan náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n wá fi ọ̀kan gbé èkejì yọ. Kò sì sẹ́ni tó bi í rí pé bí a bá yọ àfiwé yẹn kúrò, kí ló máa sọnù nínú ìtàn.

Onomatopoeia ńkọ́! Ọmọ Yorùbá lẹ fẹ́ kọ́ pé ọ̀rọ̀ lè dún bí ohun tó ń tọ́ka sí. Ọmọ tó ti ń sọ gbì, tó ti ń sọ gbàgà, kó tó mọ A yàtọ̀ sí B. Ó rí “buzz” nínú ewì, ó dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó kọ orúkọ gígùn yẹn sílẹ̀, ó fo lẹ́tà “o” kan láàárín rẹ̀, wọ́n yọ máàkì. Kí la ń dán wò níbẹ̀, etí ni àbí sípẹ́lì?

Sọ́nẹ́ẹ̀tì, irú ewì kan, ní ìlà 14, ti Shakespeare sì ń lọ ní ABAB CDCD EFEF GG: àwọn ìlà tí ìró ìparí wọn bára mu ló ń gba lẹ́tà kan náà. Ìyẹn dáa, ọmọ lè kà á. Àmọ́ 1609 ni wọ́n tẹ àwọn sọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn jáde, ohùn Gẹ̀ẹ́sì sì ti yí padà gan-an látìgbà náà. Ọkùnrin náà máa ń fi “loved” bá “proved” rìn ní ìparí ìlà. Ọmọ mi kà wọ́n sókè, ó ní wọn ò bára mu, ó fún kálukú ní lẹ́tà tirẹ̀. Irọ́ ni? Etí rẹ̀ ló gbà gbọ́. Àwọn tó ń ṣèwádìí bí wọ́n ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà yẹn ní ó jọ pé ìró méjèèjì sún mọ́ra nígbà náà ju ti òní lọ. Àlàyé ìlà kan péré ni, ó sì dùn ún gbọ́; ó lè mú kí ọmọ fẹ́ràn ewì pàápàá. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn rẹ̀ ni “Wrong”.

Wọ́n tún ya òkè onígun mẹ́ta kan, wọ́n ní gbogbo ìtàn ló ń gùn ún: ìbẹ̀rẹ̀, ìgòkè, ṣóńṣó, ìsọ̀kalẹ̀, ìparí. Gustav Freytag ará Jámánì ló gbé e kalẹ̀ ní 1863, eré orí ìtàgé ló sì ń fi í ṣàlàyé, àwọn eré ìbànújẹ́ bíi ti Gíríìkì àti ti Shakespeare. Wọ́n wá fún ọmọ ní ìtàn ojú ìwé méjì, tó já lójijì, tí òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró níbi tó dùn jù, wọ́n ní kó tọ́ka “falling action”, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn, inú rẹ̀. Ọmọ wá a títí, kò rí i, torí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó sú u, ó hùmọ̀ ọ̀kan. Ó gba máàkì!

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n má da ara mi láàmú, pé bí ìdánwò ṣe rí nìyẹn, kí ọmọ há a sórí, kó yege, kó gbàgbé ẹ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ o. Ìdí tí wọ́n fi ń tún un kọ́ wọn lọ́dọọdún nìyẹn. Ẹ ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì kíláàsì mẹ́ta tó tẹ̀ léra, ojú ìwé àkọ́kọ́: ọ̀rọ̀-orúkọ ni orúkọ ènìyàn, ẹranko, ibìkan… Wọn ò sì tíì fún ọmọ yìí ní odindi ìwé ìtàn kan kó kà á tán rí. Àyọkà ni ṣáá, tí wọ́n gé lórí, tí wọ́n gé nídìí.

Èyí tó wá mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ni ìbéèrè ìkẹyìn. Àyọkà kan nípa ọ̀rẹ́ méjì, tí ọ̀kan purọ́ kí wọ́n má bàa fìyà jẹ èkejì, tí irọ́ náà sì padà wá ká a mọ́. Kí ni kókó ìtàn náà? Ọmọ mi kọ ọ́ pé èèyàn lè purọ́ nítorí ìfẹ́, àmọ́ òun nìkan ló máa ru ẹrù irọ́ náà, ó sì fa gbólóhùn méjì yọ látinú àyọkà láti fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n fẹ́ ni “Friendship”. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, tí kò sọ ohunkóhun nípa ìtàn náà ju pé ọ̀rẹ́ wà nínú rẹ̀. Òdo ni wọ́n fún ọmọ mi. Ẹni tó bá mọ olùkọ́ kan, níbikíbi tó bá wà, tó máa ka irú ìdáhùn yẹn dópin kó tó fa bírò pupa sí i, ẹ dákun, ẹ júwe rẹ̀ fún mi.