Ilé tó mọ níwọ̀n ló rọrùn láti ṣọ́

Èmi gbà pé ilé tó mọ níwọ̀n ló rọrùn jù láti ṣọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò ní bá gbogbo èèyàn lára mu, pàápàá lásìkò tí kálukú ń fẹ́ kí ayé gbọ́ pé òun náà ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdúgbò yín dáadáa. Ilé tí ìròyìn ohun inú rẹ̀ bá ti jáde síta ni olè máa ń kọ́kọ́ rò.

Ẹ ra tẹlifíṣọ̀n tuntun, ẹ wá gbé odindi páálí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì fún àwọn akólẹ̀, tòun ti àwòrán àti iye ínǹṣì rẹ̀ lára. Gbogbo ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá láti àná ti mọ ohun tó wà ní pálọ̀ yín. Ẹ ya páálí náà wẹ́wẹ́, kí ẹ kó o sínú àpò ìdọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti WhatsApp. Tọkọtìyàwó àtàwọn ọmọ wà ní pápákọ̀ òfurufú, fọ́tò ti gun orí status kí ọkọ̀ tó gbéra. Gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà yín ti mọ̀ pé ilé ti dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò yẹn pamọ́ títí ẹ ó fi dé. Ayọ̀ ìrìn àjò náà ò ní tìtorí ìyẹn dín kù.

Àwọn àgbà ní ìtẹ́lọ́rùn ni baba ìwà. Mi ò sọ pé ká máa ta òṣì o. Yàrá méjì tàbí mẹ́ta tó mọ́ tónítóní, tí ẹrù inú rẹ̀ ò ju ohun tí à ń lò lọ, bí nǹkan bá ṣí nípò níbẹ̀, ojú á rí i kíá. Bí a bá sì ní láti sáré jáde lóru, ẹsẹ̀ ò ní kọ lu àpótí àti bẹ́ẹ̀dì àlòkù tí a kó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Ẹ rántí agbo ilé àwọn baba wa. Ẹnu ọ̀nà ò pọ̀, àgbàlá ló wà láàárín, àgbàlagbà kì í sì í wọ́n níwájú ilé. "Ta lẹ̀ ń wá o?" ni àlejò máa kọ́kọ́ gbọ́, kó tó sún mọ́ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé kò sólè láyé ijọ́un. Olè wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààlè sí igi àti ẹrù wọn lóko. Àmọ́ ojú pọ̀ lára ilé. Lónìí, a mọ ọgbà ga ju orí èèyàn lọ, a to ìgò fífọ́ sórí rẹ̀, a ò sì mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ní òdìkejì. Ọgbà gíga yẹn kan náà ló máa bo olè láṣìírí bó bá ti fò ó wọlé tán. Ará ìta ò lè rí i, aládùúgbò ò lè pariwo.

Ọ̀rọ̀ Bódìjà ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàù dún ní àdúgbò náà níbí ní Ìbàdàn, èèyàn kú, ọ̀pọ̀ ilé sì bàjẹ́. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn tó ń wa kùsà lọ́nà àìtọ́ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ẹ rò ó wò: àárín ilé ni, níbi tí àwọn èèyàn ń sùn. Kò sí àgádágodo tí aládùúgbò lè rà tó máa gbà á lọ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kí èèyàn mọ ẹni tó kó dé, kó kí i, kó sì mọ ẹni tí yóò fi tó létí bí ohun tó rí bá rú u lójú, ìyẹn náà wà lára ààbò ilé.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí àwọn tó ń jẹ ọdẹ àdúgbò lówó. Ẹni tó ń fi irin lu òpó iná ní aago méjì òru kí á lè mọ̀ pé òun ò sùn, ẹgbẹ́ onílé ń bẹ̀ wá kí á tó san owó rẹ̀. Bákan náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà wa dá sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Wọn ò lè dá ojú àjèjì mọ̀ ní àdúgbò wa bí àwa fúnra wa ò bá pè wọ́n. Ẹ lọ sí ìpàdé, ẹ má kàn fi owó ránṣẹ́. Ẹ gba nọ́ńbà ilé mẹ́ta tó yí yín ká. Ẹni bá wà ní Èkó, kó kọ nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 àti 112, sára ògiri níbi tí ọmọ lè rí i.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹni tó ń bá wa tún ilé ṣe mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ san owó rẹ̀ lásìkò, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Ilé tó mọ níwọ̀n ò tiẹ̀ nílò òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ.

Ní ti oúnjẹ, láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù ti lọ, gbogbo wa ti rí ohun tí ọjà ń fojú wa rí. Ẹ máa ra kóńgò kan pamọ́ lé lórí èyí tí ẹ fẹ́ jẹ, bí agbára bá ṣe wà, gàrí lóṣù yìí, èlùbọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀wà tó bá gbẹ dáadáa, ẹ da ata gbígbẹ sínú rẹ̀ kí ẹ sì dé e pa. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí i láé. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra. Ẹ pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Iná sólà kékeré méjì tẹ́ mi lọ́rùn ju jẹnẹrétọ̀ lọ, nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọmọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú ọ̀rá kan tí omi ò lè wọ̀, nínú báàgì kan ṣoṣo. Ará Ìbàdàn tó bá rántí omíyalé Ògùnpa ọdún 1980, tàbí ti oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ò ní béèrè ìdí.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni irin ojú fèrèsé. Wẹ́dà á jó o mọ́ gbogbo fèrèsé pinpin, onílé á sanwó, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Bí iná bá wá sọ ní pálọ̀ lóru ńkọ́, tó jẹ́ pálọ̀ la máa gbà dé ilẹ̀kùn? Àwọn tí irin dè mọ́lé tí wọ́n jóná mọ́bẹ̀, a ti gbọ́ ìròyìn wọn jù. Nílé tèmi, irin fèrèsé kan nínú yàrá àwọn ọmọ ṣeé ṣí bí ilẹ̀kùn. Inú ni àgádágodo rẹ̀ wà, mo sì máa ń kán ọ́ìlì sí i kí ó má baà dípẹtà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ olè ò lè tó láti ìta, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ àbíkẹ́yìn mi tó. A máa ń pa iná kí ó lè fọwọ́ tá a rí, kó ṣí i, kó bọ́ sílẹ̀.

Mo ti dá a lábàá ní ìpàdé onílé wa pé kí wẹ́dà kan yí gbogbo ilé ká, kó ṣe fèrèsé kan fún kálukú, kí àpò ẹgbẹ́ sì yá ẹni tí owó ò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé e dé ìpàdé tiyín kí ọyẹ́ tó dé.