Àjọ tó ń jẹ ojú owó

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tajà l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ má bínú sí mi: púpọ̀ nínú àjọ tí à ń dá ní ọjà Ouando kì í ṣe èrè. Ojú owó ni, owó tí a fi ń ra ọjà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní olóròóró kan ra bídọ̀ọ̀nù (kẹ́ẹ̀gì) lítà 25 ní 20,000 sefa. Sẹ́míjàn (ọ̀kadà) tó gbé e gba 500, ọ̀rá tó fi ń dì í gba 200. Ó ń ta lítà kan ní 900. Lítà 25 yẹn kì í pé 25 lórí àtẹ: díẹ̀ á dànù, díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìdí bídọ̀ọ̀nù, èènì á mú tiẹ̀. Bó bá rí lítà 24 tà, ó gbìyànjú. 21,600 nìyẹn. Ẹ yọ 20,700, ó ku 900, ọjọ́ méjì ló sì fi tà á. (Mo mọ̀ pé ó ń ta iyọ̀ àti tòmátò agolo mọ́ ọn. Ìṣirò kan náà ni.)

Alájọ ń gba 500 lójúmọ́. Káàdì ní ojú 31, ojú kan jẹ́ ti alájọ. Àjọ oṣù kan, 15,500. Èrè bídọ̀ọ̀nù 15, 13,500. Ojú owó ti fi 2,000 kún àjọ, a ò sì tíì ra ata ọbẹ̀! Alájọ ka 15,000 sí i lọ́wọ́, inú olóròóró dùn, ó ra aṣọ. Nígbà tó padà lọ ra òróró, owó ò pé bídọ̀ọ̀nù kan mọ́, ló bá gba àwìn. Yóò ní ọjà ò tà. Ọjà tà.

Àjọ ò burú o. Owó ìṣọ́ ni 500 tí alájọ ń mú lóṣù, owó tí ọwọ́ ẹni ò tó kì í sì í tètè tán. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni kò ṣáájú. Lálẹ́, ẹ kọ́kọ́ yọ owó ọjà mìíràn sọ́tọ̀, ní iye tí wọ́n ń tà á lónìí, kì í ṣe iye tí ẹ rà á. Bí bídọ̀ọ̀nù bá ti di 21,000, ẹ máa fi 21,000 ṣe ìṣirò. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Nínú ohun tó bá kù ni ká ti jẹun, ká ti dá àjọ: ẹni tó ń jèrè 450 lójúmọ́, àjọ 100 ló tó o.

Owó tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ jẹ́ kó ní síìmù tirẹ̀. Ife òróró tí ọmọ wá bù lọ sílé lọ́sàn-án pẹ̀lú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì san án.