Èsì wa lórí wáàtì 120 tí a kọ sára ẹ̀rọ ìfọǹkan ultrasonic àti 56 tí ẹ rí

Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ sì ṣeun tí ẹ kọ ohun tí ẹ wọ̀n síbẹ̀. Ẹ ní ẹ da omi lítà 2 sínú ẹ̀rọ yìí, tó ń fi ìró gbọn omi láti fọ nǹkan, ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú 10, omi kúrò ní dìgírì 27 ó dé 31. Ẹ rí wáàtì 56, ẹ sì fún wa ní ìràwọ̀ 2.

Ìṣirò yín tọ̀nà: gíráàmù 2000 lọ́nà 4.18 (iye júùlù tó ń fi dìgírì 1 mú gíráàmù omi 1 gbóná) lọ́nà dìgírì 4, kí a pín in sí ìṣẹ́jú àáyá 600. Iná tí ẹ̀rọ ń fà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ni 120, kì í ṣe agbára ìró tó ń wọnú omi. Ó yẹ kí a ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú, a ti tún un kọ.

Àmọ́ 56 yẹn gan-an kò tíì dá wa lójú. Ìṣẹ́jú 10 ti pẹ́ jù, torí bí omi bá ti gbóná ju yàrá lọ ni ooru ti ń sá jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí omi bá fi dìgírì 1 tutù ju yàrá lọ, kí ẹ pa á nígbà tó bá fi 1 gbóná jù ú; bí ìṣẹ́jú 5 ni. Hítà inú ẹ̀rọ náà ò gbọdọ̀ wà ní títàn. Ẹ má fi tẹmómítà sínú omi nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́: ìró náà ń gbóná mọ́ ẹnu rẹ̀, á sì máa ka iye tí omi ò tíì dé. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fi ṣíbí oníke ro omi dáadáa, kí ẹ tó kà á. Bó bá ṣì ń gòkè lẹ́yìn ìyẹn, ooru àwo tó ń gbọ̀n, èyí tí a lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́, ló ń bọ̀ lókè.

Èyí tó dá wa lójú jù ni kí ẹ fi hítà kékeré tí ẹ mọ wáàtì rẹ̀ wé e. Fóltì 12 lọ́nà áḿpù 4 jẹ́ wáàtì 48. Ẹ rì í sínú omi kan náà, ẹ̀rọ ní pípa, fún ìṣẹ́jú 5 kan náà. Ó yẹ kó fi bíi dìgírì 1.7 gòkè. Bó bá jẹ́ 1.6 lẹ rí, irin abọ́ ló gba ìyókù. Ẹ wá pín 48 sí 1.6, kí ẹ fi ohun tó bá jáde sọ dìgírì tí omi fi gòkè nígbà tí ultrasonic ń ṣiṣẹ́ di púpọ̀; ìyẹn ni wáàtì ìró tó wọnú omi.

Ẹ wọn fóltì sọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, nítorí 220 la ṣe é fún. Ẹ fi iye gbogbo ránṣẹ́ sí wa níbí. Bí fóltì bá pé, tí ìró kò sì tó wáàtì 50, ẹ dá ẹ̀rọ padà, àwa la ó san owó ọkọ̀.