Owó alágbàfọ̀ ni mò ń san

Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi, kẹ́ ẹ sì má pè mí lápà o, torí ìyá mi ti pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ iye tí mo fi ra fíìmù òkú kan ṣoṣo, fíìmù tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ló wà lórí YouTube. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe ayé ló ń ṣe mí báyìí.

Night of the Living Dead ni fíìmù náà. George Romero àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ṣe é lápá Pittsburgh l'Amẹ́ríkà, 1968 ló jáde, dúdú àti funfun ni, nǹkan bíi 114,000 dọ́là ni gbogbo owó tí wọ́n ná sí i, ṣokoléètì olómi ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Òkú ló ń jí tí wọ́n ń jẹ èèyàn. Kì í ṣe àkúdàáyà o, àkúdàáyà tiwa á lọ sílùú míì, á fẹ́yàwó, á ṣí ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ àfìgbà tí ará ilé ẹ̀ bá pàdé ẹ̀ lọ́jà. Àwọn tibí ò ráyè ṣọ́ọ̀bù, ẹran èèyàn ni wọ́n ń wá kiri. Inú pléètì ogún-fíìmù-nínú-ọ̀kan tí mo rà ní Dùgbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ wò ó, mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ó sì ṣókùnkùn débi pé ìdajì ẹ̀, etí ni mo fi wò ó.

Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn oníṣẹ́ Dùgbẹ̀ ló bà á jẹ́. Rárá o, àti Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ló ti bàjẹ́ wá. Night of the Flesh Eaters ni fíìmù yẹn ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, iléeṣẹ́ tó fẹ́ pín in fáwọn sinimá wá ní kí wọ́n yí orúkọ padà, ibi tí orúkọ yẹn wà gan-an ni àmì kọ́píráìtì wà, C kékeré tó wà nínú òrùka yẹn, wọ́n bá yọ méjèèjì dànù pọ̀, orúkọ tuntun nìkan ni wọ́n rántí fi síbẹ̀. Òfin wọn nígbà yẹn sì le, àmì ò sí, ẹ̀tọ́ ò sí. Bó ṣe di ọmọ àjọni nìyẹn. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀dà kan á tún ẹ̀dà yọ nínú ẹ̀, ẹlòmíì á yọ ẹ̀dà nínú ẹ̀dà yẹn, kóówá ń tà á. Ní 1986, Hal Roach Studios kun ún láwọ̀, òkú wá di aláwọ̀ ewé bí ẹni tó jẹ ewédú ní jẹkújẹ. Nígbà tó yá, John Russo tó bá Romero kọ ìtàn yẹn tún lọ ya ìran tuntun, ó ki í bọ àárín fíìmù àtijọ́, ó yí orin ẹ̀ padà, wọ́n sì kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ti ayẹyẹ ọgbọ̀n ọdún ni. Romero ò sí ńbẹ̀. Torí ẹ̀ ni ara mi kì í fi í yá bí mo bá rí "anniversary edition" lára nǹkan.

Eléyìí tí mo rà yìí yàtọ̀. Museum of Modern Art, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní New York, àti The Film Foundation, àjọ tó ń tọ́jú fíìmù àtijọ́, ló lọ gbé négátíìfù gan-an, èyí tó wà nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ tí wọ́n ń yà á, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ ní 4K, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere gan-an, Romero fúnra ẹ̀ àtàwọn tó kù nínú wọn ló dúró tì í, Criterion, iléeṣẹ́ tó ń ta fíìmù tí wọ́n tún ṣe dáadáa, wá gbé e jáde ní February 2018. Bàbá yẹn ti kú ní July 2017, wọn ò rí pléètì yẹn.

Ìran kan wà níbẹ̀, obìnrin kan nínú àwọn òkú yẹn nawọ́ sára igi, ó mú nǹkan, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Nínú ti Dùgbẹ̀ mo rò pé ó kàn fọwọ́ ti igi ni. Nínú eléyìí mo rí i: kòkòrò ni! Mo dá a padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ìparí ẹ̀ ló mú mi jókòó jẹ́jẹ́. Duane Jones ni olú-òṣèré, èèyàn dúdú, òun ló wà nínú ilé kan tó ń bá àwọn òkú jà títí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n wá gba èèyàn sílẹ̀ wá yìnbọn pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, fọ́tò ló kù, ó dúró sójú kan, ó rí wúruwùru bíi fọ́tò inú ìwé ìròyìn, ọwọ́ wọn ni ìkọ́ ẹran wà tí wọ́n ń fi wọ́ òkú. Nínú pléètì àkọ́kọ́, gbogbo fíìmù ló rí wúruwùru láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ yẹn dá yàtọ̀. Tó bá mọ́ tónítóní fún wákàtí kan ààbọ̀ tó wá ṣàdédé di fọ́tò ìwé ìròyìn, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti òkú tó jí.

Ẹni tó bá wá ní kí ló dé tí mò ń sanwó fún nǹkan ọ̀fẹ́, òótọ́ ni, aṣọ lọ̀fẹ́, àmọ́ owó alágbàfọ̀ ni mò ń san.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn oníṣòwò yìí jà ni kí wọ́n kan páálí irin, kí wọ́n fi pósítà méjì àti ọmọlangidi sí i, kí fíìmù inú ẹ̀ sì jẹ́ àwòrán ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn yẹn náà. Mo ti jìn sí kòtò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, páálí ló tàn mí jẹ. Ní báyìí, ẹ̀yìn páálí ni mo kọ́kọ́ ń kà: inú kí ni wọ́n ti mú àwòrán yìí, ta ló dúró tì í. Àfikún náà, tó bá jẹ́ gidi, mo gbà. Wọ́n fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Duane Jones sínú tibí, 1988 ni ọkùnrin yẹn ti kú, mo gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú yàrá mi n'Íbàdàn.

Ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rántí Aiye ti Bàbá Ògúndé, 1979, àwọn àjẹ́ tó lé òbí wa lóorun. Ẹ̀dà tí èmi rí, ojú àjẹ́ àti ojú ọ̀run ò yàtọ̀ síra. Ta ni alágbàfọ̀ tiẹ̀?

Ẹ jẹ́ n parí ẹjọ́ mi. Ilé Àǹtí mi ní Houston ni mo ní kí wọ́n fi ọjà yẹn ránṣẹ́ sí, kí wọ́n bá mi gbé e bọ̀ ní December. Wọ́n dé, wọ́n yọ ìbọ̀sẹ̀ kan jáde nínú báàgì, pléètì mi ló wà nínú ẹ̀. Páálí ńkọ́? Ìwé inú ẹ̀ ńkọ́? "Ẹrù mi ti wúwo jù, mo dà á nù. Ṣebí CD yẹn náà lo fẹ́ wò?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ ṣé mà. Pléètì yẹn tún wá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ mi, wọ́n pín ayé sí apá-apá fún irú pléètì yìí, Region A ni ti Amẹ́ríkà, B ni tiwa, mo tún lọ ra ẹ̀rọ tó ń gba gbogbo ẹ̀.

Èmi tí mò ń pariwo pé páálí kọ́ ni pàtàkì, oṣù kan gbáko ni mo fi ń wá àwòrán páálí yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti tẹ̀ ẹ́ síwèé. Àǹtí mi tún ń bọ̀ lọ́dún yìí. Mo ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí n fi owó ẹrù ránṣẹ́.