Afẹ́fẹ́ Ló Ń Mu Dísẹ́ẹ̀lì Wa

Ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi owó bodè 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé bẹntiróòlù àti dísẹ́ẹ̀lì tó ń ti òkè òkun wọlé, wọ́n sì ti ní àwọn kò ṣe é mọ́. Láti ìgbà tí ààrẹ buwọ́ lù ú lóṣù kẹwàá ọdún 2025 títí di ìgbà tí NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì, ní ọ̀rọ̀ náà kò sí nílẹ̀ mọ́ lóṣù kọkànlá, oṣù kan kò pé. A kò ní tún ìtàn náà pa. Ẹni tó ń ra gààrì ní ọjà Atàkúnmọ̀sà mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé, ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, a kò gbọ́ kí aláṣẹ kan bèèrè ibi tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbà lọ lẹ́yìn tó bá ti wọ inú táǹkì tírélà.

Afẹ́fẹ́ ló ń mu púpọ̀ nínú rẹ̀. A ti sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn yìí rí, a ó sì tún un sọ. Lójú ọ̀nà tó já geere, tí tírélà bá ti ń sáré dáadáa, nǹkan bí ìdajì agbára tó dé ẹsẹ̀ táyà ló ń ná sórí títi afẹ́fẹ́ kúrò lójú ọ̀nà ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ agbádá ńlá rìn lójú ìjì mọ ohun tí a ń wí. Afẹ́fẹ́ á gbá orí ọkọ̀, á kó sínú àlàfo tó wà láàárín orí ọkọ̀ àti ibi ẹrù, á máa yí kiri nísàlẹ̀ láàárín àwọn táyà. Lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ara ọkọ̀ ti dúró gbàgìdì, afẹ́fẹ́ tó ti pín sí méjì kì í tètè pàdé ara rẹ̀. Àlàfo tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ ló ń fa ọkọ̀ padà sẹ́yìn.

Eré ló wá ń sọ ọ́ di ńlá. Tí ọkọ̀ bá kúrò lórí 60 kìlómítà ní wákàtí kan tó bọ́ sí 90, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá a dúró á ju ìlọ́po méjì lọ. A kò ṣàdédé mú 60 yẹn: òun ni òfin ìrìnnà fi lélẹ̀ fún tírélà àti táńkà lórí ọ̀nà márosẹ̀. Ta ló ń sá 60 láàárín Gbọ̀ngán àti Ifẹ̀, níbi tí ọ̀dà bá ṣẹ́ kù sí? Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú àwọn ọkọ̀ tó ń ṣòwò láti de ẹ̀rọ tó ń ká eré lọ́wọ́ kò. Níbo ni àwọn ẹ̀rọ náà wà? Àbí tírélà tó ń fò kọjá lójú wa ní Òṣú kò mọ̀ pé òfin wà?

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1973 ni àwọn onímọ̀ NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìmọ̀ òfurufú, ní California ti fi páànù kan ọkọ̀ kan ní onígun mẹ́rin gbàgìdì, tí wọ́n wá ń sọ àwọn igun rẹ̀ di róbótó díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó parí, ohun tí afẹ́fẹ́ ń fà lára ọkọ̀ náà ti dín ju ìdajì lọ. Amẹ́ríkà dá ètò SmartWay sílẹ̀ lọ́dún 2004 láti máa yẹ àwọn ohun èlò tó ń dín epo tí tírélà ń jó kù wò. Ilẹ̀ Yúróòpù yí òfin gígùn ọkọ̀ padà lọ́dún 2015, kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ lè fi imú tó tẹ̀ sí i níwájú àti ìyẹ́ sí i lẹ́yìn. Aṣọ ẹ̀gbẹ́ nìkan, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń fi bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, SmartWay ka èyí tó dára nínú rẹ̀ sí ohun tó ń dín epo kù ní 4 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán. Ẹni tó ń ra 500 lítà á rí 20 lítà fi sílẹ̀. Kí ó lọ bi alágbàtà dísẹ́ẹ̀lì ní iye tí 20 lítà jẹ́.

A mọ ohun tí àwọn onítírélà yóò fọ̀. Wọ́n á ní kòtò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Ìbàdàn á fa aṣọ ẹ̀gbẹ́ ya, àti pé lórí òkè tó wà ní ìhà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ìwúwo ẹrù ló ń dá wọn lágara, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Wọ́n jàre. Ọkọ̀ tó ń wọ́ ní 20 kìlómítà nínú kòtò kò bá afẹ́fẹ́ ní gbólóhùn asọ̀. Bíréèkì àti jíà tí wọ́n ń pààrọ̀ lemọ́lemọ́ ló ń jẹ owó níbẹ̀. (Ẹni tó tú pátákó òkè orí ọkọ̀ rẹ̀, èyí tó ń darí afẹ́fẹ́ gba orí ẹrù, tà nítorí pé ó ti là náà kò ya wèrè.) Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sí Iléṣà fi jẹ́ ọ̀rọ̀ epo, tí a sì fi ń béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde pé títí di ìgbà wo.

Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń dúró de ọ̀dà. Tápólì tí wọ́n so le tí kò máa fẹ́ lẹ́lẹ́ kò náni ní kọ́bọ̀ lé e. Ẹrù tí kò ga kọjá orí ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọkọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀ lófo tí ara rẹ̀ là sílẹ̀ ń gbé afẹ́fẹ́ kiri. Kí wọ́n bò ó. Ti aṣọ ẹ̀gbẹ́, àwọn kan wà tí wọ́n fi rọ́bà tó nípọn ṣe, tó lè tẹ̀ tí kòtò bá kàn án kí ó sì padà sí ipò rẹ̀. Àwọn wẹ́dà wa ní Iléṣà á gé e, wọ́n á dè é. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ á lè wọn iye epo tó dín, bí ẹnikẹ́ni bá lè fún wọn ní ọkọ̀ kan àti owó epo rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lè ṣe ìyẹn láìdúró de Àbújá.

Àwọn mìíràn ní kí a ṣáà dúró de gáàsì, níwọ̀n ìgbà tí Dangote ti kéde 4,000 ọkọ̀ tó ń lo CNG, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fún pọ̀, lọ́dún 2025. Ó dára. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í bi ọkọ̀ léèrè ohun tó mu kó tó dojú kọ ọ́, gáàsì tó sì ṣòfò, owó ni wọ́n fi rà á.

Ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ FRSC kò le. Kí wọ́n sọ iye tírélà tí wọ́n dá dúró láàárín Ìbàdàn àti Iléṣà lọ́dún yìí nítorí eré àsájù, àti iye tí wọ́n bá ẹ̀rọ tó ń ká eré lọ́wọ́ kò lára rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé wọn kò kà á, kí wọ́n kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe rí.